Ìpáàrà inú ọkọ̀: Bí wọ́n ṣe ń jí ọkọ̀ asáré tó ti jẹrà dìde, àti ìdí tí yanrìn fi di èèwọ̀ nídìí iṣẹ́ náà

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Àwọn àgbà kò pa òwe yìí nítorí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí òwe náà bá mu tó irin ọkọ̀ tí ìpáàrà ń jẹ. Ìpáàrà, tí àwọn mìíràn ń pè ní ìpẹtà, kì í ti òkèèrè wá bá irin jà. Ara irin náà ló ti ń bẹ̀rẹ̀, ní kọ̀rọ̀ tí ojú kò tó, lábẹ́ ọ̀dà tó ń dán, nínú ihò tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Ọjọ́ tí ẹni tó ni ọkọ̀ bá fi ojú rí i, ó ti pẹ́ tó ti ń jẹun. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ títún ọkọ̀ àtijọ́ ṣe kì í fi í bẹ̀rẹ̀ láti ibi ọ̀dà; irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń tú wò. Lórí iṣẹ́ náà ni a fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ̀rọ̀ lónìí: bí wọ́n ṣe ń gba ọkọ̀ asáré tí ìpáàrà ti jẹ là, bí wọ́n ṣe ń fi atẹ́gùn fẹ́ hóró líle lu irin títí tí yóò fi mọ́ tónítóní, àti bí agbára kan náà tó ń fọ irin ṣe lè ba ọkọ̀ jẹ́, tó sì lè pa ẹni tó mú un dání.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa dáadáa, ẹ jẹ́ ká mú ọkọ̀ kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Orúkọ rẹ̀ ni MGB. Ìlú Abingdon, nítòsí Oxford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe é láti ọdún 1962 títí di ọdún 1980 tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ọkọ̀ kékeré ni, èèyàn méjì ni àyè wà fún nínú rẹ̀, aṣọ orí rẹ̀ sì ṣeé ká kúrò kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ sí ẹni tó ń wà á. Ní ọdún 1965 ni wọ́n gbé ọmọ ìyá rẹ̀ jáde, ìyẹn MGB GT, tí òun ní òrùlé irin. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò tóbi, kò pé lítà méjì, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ yá, owó rẹ̀ kò sì ga bíi ti àwọn ọkọ̀ asáré ńláńlá. Iye tí wọ́n ṣe lé ní 500,000, púpọ̀ nínú wọn ló sì rékọjá òkun lọ sí Amẹ́ríkà. Nítorí pé ó pọ̀, tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì ṣì wà lọ́jà, ó wà lára àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń tún ṣe jù lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà nípa ọkọ̀ yìí tí ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe kò gbọdọ̀ gbàgbé. MGA tó ṣáájú rẹ̀ ní ṣáàsì, ìyẹn àwọn irin gbọọrọ tó nípọn tó wà nísàlẹ̀, tí wọ́n wá gbé bọ́dì lé lórí. MGB kò ní irú rẹ̀. Bọ́dì rẹ̀ gan-an ni egungun rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ, tí nínípọn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà kan lọ, ni wọ́n tẹ̀ bí àpótí, tí wọ́n jó pọ̀, tí gbogbo rẹ̀ wá ń ti ara wọn lẹ́yìn. Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú àwọn àpótí wọ̀nyí ni irin abẹ́ ilẹ̀kùn, tó gùn láti ẹ̀yìn táyà iwájú dé ìdí táyà ẹ̀yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, tí wọ́n tún gé ihò ilẹ̀kùn ńlá méjì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, irin abẹ́ ilẹ̀kùn yìí ló so iwájú rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Bí ìpáàrà bá jẹ ẹ́ tán, ọkọ̀ náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ láàárín. Bí ìjàm̀bá bá sì ṣẹlẹ̀, agbára tó yẹ kó dáàbò bo ẹni tó jókòó sínú rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ìpáàrà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

Kí ni ìpáàrà gan-an? Irin tí à ń lò kì í sábà wà nínú ilẹ̀ bí irin. Òkúta ni, níbi tí irin ti so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn tó wà nínú atẹ́gùn, iná ńlá ni wọ́n sì fi ń yọ́ ọ kí ọ́síjìn náà tó lè jọ̀wọ́ rẹ̀. Àwọn baba ńlá wa tó ń yọ́ irin nílẹ̀ Yorùbá mọ bí eruku ẹ̀èdú àti ooru iṣẹ́ náà ṣe pọ̀ tó. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti yọ́ ọ tán ni irin náà ti ń wá ọ̀nà láti padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bí omi àti atẹ́gùn bá ti pàdé lára rẹ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í padà di erùpẹ̀ pupa. Bí iyọ̀ bá tún wá dà mọ́ omi náà, iṣẹ́ yóò yá sí i, nítorí iná mànàmáná tín-ín-tín tó ń ti ibì kan lára irin lọ sí ibòmíràn máa ń rí ọ̀nà kọjá dáadáa nínú omi iyọ̀. Ohun mìíràn tún ni pé ìpáàrà ń gba àyè ju irin tó jẹ lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń wú, tó ń ti ọ̀dà sókè bí ẹ̀ẹ́wo, tó sì ń la irin méjì tí wọ́n ti jó pọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sí títì ní ìgbà òtútù kí omi má baà dì sójú ọ̀nà. Táyà iwájú MGB á wá gbá omi iyọ̀ náà àti ẹrẹ̀ sókè, ẹrẹ̀ ọ̀hún á sì lọ kó jọ sí kọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn irin tó bo táyà, lókè irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Níbẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa rin gbindin bíi kànǹkàn tí kì í gbẹ. Oòrùn kì í débẹ̀, ẹni tó ń fọ ọkọ̀ kì í sì í rí i. Lẹ́yìn ìjókòó, wọ́n tún ki bátìrì méjì, oní-fọ́ọ̀tì 6 ọ̀kọ̀ọ̀kan, sí abẹ́ ilẹ̀ àwọn ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Ásíìdì tó bá kán sílẹ̀ níbẹ̀ á máa bá ìpáàrà ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Òyìnbó nìkan ni èyí o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń gba Kútọnu àti Èkó wọlé, títì oníyọ̀ ni wọ́n ti ń rìn lókè òkun kí wọ́n tó dé ọwọ́ wa. Ẹni tó bá sì ń gbé etí òkun mọ ohun tí atẹ́gùn oníyọ̀ máa ń fi ojú irin rí.

Ẹni tó bá fẹ́ jí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dìde gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ibi tí àìsàn náà dé. Ohun àkọ́kọ́ tó nílò ni òòfà kékeré tí wọ́n fi aṣọ wé kó má baà ha ọ̀dà. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin, ṣùgbọ́n kì í lẹ̀ mọ́ pọ́tì tí àwọn panẹbítà ń pò láti fi dí ojú ibi tó tẹ̀ tàbí tó lu. Ibi tí òòfà bá ti já bọ́, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀. Ohun kejì ni irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tí yóò fi máa gún abẹ́ ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Irin tó yè yóò dún, èyí tó ti kú yóò wọlé bí ìgbà tí wọ́n gún búrẹ́dì. Ohun kẹta ni ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà sókè, tí àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti bọ́dì yí padà, tàbí tí ilẹ̀kùn kò ṣeé ṣí mọ́, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti kú nìyẹn, bó ti wù kí ọ̀dà òkè rẹ̀ dán tó. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Lẹ́yìn èyí ni títú ọkọ̀ palẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù ni. Gbogbo ohun tí wọ́n bá tú ni wọ́n ń ya fọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó tú u, nọ́ọ̀tì àti bóòtì kọ̀ọ̀kan á wọ inú ọ̀rá tirẹ̀, wọ́n á sì kọ orúkọ ibi tó ti wá sí i lára. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní títú, ọpọlọ kò sì lè rántí gbogbo rẹ̀. Kí wọ́n tó gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn kúrò, wọ́n gbọ́dọ̀ jó ọ̀pá irin sí ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn méjèèjì, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ náà lé orí ìdúró tó dọ́gba, kó má baà ká wọlé nígbà tí òpó rẹ̀ bá kúrò. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ yìí, tó gé irin àtijọ́ tó sì jó tuntun sí i nígbà tí ọkọ̀ ti tẹ̀, ó ti jó wíwọ́ náà mọ́ ọn títí láé. Kò sí ọ̀dà tó lè tún un ṣe.

Nígbà tí ọkọ̀ bá ti wà ní ìhòòhò báyìí ni ọ̀rọ̀ fífọ irin ń bẹ̀rẹ̀. A lè fi sáńpépà àti búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpáàrà, ṣùgbọ́n ìpáàrà máa ń gbẹ́ ihò wẹ́wẹ́ sínú irin, sáńpépà á kọjá lórí rẹ̀, ìdí ìpáàrà á sì wà nísàlẹ̀ ihò. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń lo atẹ́gùn. Ẹni tó kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ni Benjamin Chew Tilghman, ọmọ Amẹ́ríkà tó ti jagun nínú ogun abẹ́lé ilẹ̀ wọn. Ọdún 1870 ló gba ìwé àṣẹ náà. Bí yóò ṣe ṣiṣẹ́ kò ṣòro láti lóye: ẹ̀rọ kan á fún atẹ́gùn pọ̀, irú ẹ̀rọ tí a mọ̀ lọ́dọ̀ àwọn fọganáísà tó ń fẹ́ táyà, ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ fíìfíì. Atẹ́gùn náà á gba inú rọ́bà kọjá, á gbé hóró yanrìn dání, á sì jáde lẹ́nu páìpù tóóró pẹ̀lú eré burúkú. Hóró kọ̀ọ̀kan á gba irin ní ìkúùkù tín-ín-tín. Ìkúùkù kan kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìkúùkù láàárín ìṣẹ́jú kan á ṣí ọ̀dà, á ṣí ìpáàrà, á wọ inú ihò wẹ́wẹ́ lọ, irin á sì di fúnfún bí ọjọ́ tí wọ́n yọ́ ọ.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìkúùkù yìí kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín ìpáàrà àti irin tó yè. Irin tó nípọn, irú èyí tó gbé táyà iwájú ọkọ̀ dúró, lè gba agbára tó tó 80 sí 100 lójú òṣùwọ̀n atẹ́gùn láìṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbé agbára kan náà lọ sí ojú ilẹ̀kùn tàbí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí í ṣe irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ pẹrẹsẹ, àwọn hóró líle yóò máa lu ẹ̀gbẹ́ kan irin náà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ń fi òòlù lu idẹ. Ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n ń lù á máa fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ kejì kò ní fẹ̀, irin á bá wú, á sì máa yí bí ìgbì omi. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn ọkọ̀ àtijọ́ tí ìpáàrà kò tíì pa, ọwọ́ ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́ ló kú sí. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Nítorí náà, ẹ̀yà ara ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní hóró tirẹ̀. Fún irin tó nípọn tí ìpáàrà ti jẹ wọnú, wọ́n ń lo hóró líle tí wọ́n ń pè ní aluminium oxide, irú èyí tó wà lára oríṣi sáńpépà kan, tàbí òkúta garnet lílọ̀, tàbí àfọ́kù gíláàsì. Fún alumíníọ̀mù tó wà lára ẹ́ńjìnnì àti kàbúrétọ̀, ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fẹ́ sí i, nítorí ó rí roboto, kì í gé irin bí èyí tó ní etí. Fún bọ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ike lílọ̀ wà, irú èyí tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣí ọ̀dà kúrò lára ọkọ̀ òfurufú láàárín ọdún 1980 sí 1989. Èèpo èso kan tó fara jọ àsálà wa náà wà tí wọ́n ń lọ̀ fún un. Sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì tún wà. Òun ni wọ́n fẹ́ sí inú ère Òmìnira ìlú New York láti ṣí ọ̀dà dúdú kúrò lára bàbà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀, nígbà àtúnṣe tí wọ́n parí ní ọdún 1986. Sódà lè ṣí ọ̀dà àti ọ̀rá láìwú irin, ṣùgbọ́n kò lágbára láti ṣí ìpáàrà. Bí wọn kò bá sì fi omi ṣan ìyókù rẹ̀ dànù dáadáa, ọ̀dà tuntun kò ní dì mọ́ irin.

Ibi tí irin bá ti fẹ́lẹ́, wọ́n á dín agbára atẹ́gùn kù sí bíi 30 tàbí 40, kò jìnnà sí iye tí fọganáísà ń fẹ́ sí táyà ọkọ̀ kékeré. Wọ́n á dẹ ẹnu páìpù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kò ní kọjú rẹ̀ sí irin tààrà, wọn kò sì ní dúró sójú kan. Ó tún yẹ kí wọ́n mọ irú irin tí wọ́n ń bá jà. Bọ́nẹ́ẹ̀tì àwọn MGB tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, alumíníọ̀mù ni; ti irin ni wọ́n ń lò nígbà tó yá. Abẹ́ ọ̀dà, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì lójú. Òòfà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan ló máa ń yanjú rẹ̀: ẹni tí kò bá fi òòfà kàn án kó tó fẹ́ hóró líle sí i lè sọ bọ́nẹ́ẹ̀tì tó ṣọ̀wọ́n di pàǹtí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àwọn ibì kan sì wà tí hóró kankan kò gbọdọ̀ dé. Inú ẹ́ńjìnnì tí wọn kò tú palẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Hóró kan ṣoṣo tó bá sá pamọ́ sínú ihò tí ọ́ọ̀lì ń gbà, ọjọ́ tí wọ́n bá ta ẹ́ńjìnnì ni yóò jáde, yóò sì ha àwọn ibi tí irin ti ń yí lórí irin. Béárì, inú sìlíńdà bíréèkì, gíláàsì, àti ibi tí wọ́n fi kúróòmù bò, gbogbo wọn ni wọ́n ń yọ kúrò tàbí tí wọ́n ń dí lẹ́nu pinpin. Ibòmíràn tún wà tí hóró kò lè dé rárá, bí a tilẹ̀ fẹ́: inú àpótí irin abẹ́ ilẹ̀kùn. Hóró tó jáde lẹ́nu páìpù kì í yí kọ́nà. Ibi tí ojú bá rí láti ẹnu páìpù nìkan ló lè fọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ fi máa ń gé irin abẹ́ ilẹ̀kùn tó ti jẹrà kúrò pátápátá, tinú tòde, kí wọ́n tó jó tuntun sí i. Ẹni tó bá kàn jó irin pẹlẹbẹ tuntun bo ti àtijọ́ lójú, aṣọ ló wọ̀ fún egbò. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, egbò náà yóò jẹ aṣọ ọ̀hún.

Nígbà tí fífẹ́ bá parí, ọ̀pọ̀ ló máa ń ya àwọn tó ni ọkọ̀ lẹ́nu. Ibi tí wọ́n rò pé ó yè á rí bí ajere, ihò tín-ín-tín káàkiri, ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Atẹ́gùn kọ́ ló lu ú. Ìpáàrà ló ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, ìpáàrà yìí kan náà ló sì ń di ojú rẹ̀. Fífẹ́ irin kì í wo àìsàn sàn; ó ń fi àìsàn hàn ni. Àwọn ibi tó lu ni wọ́n á gé, tí wọ́n á sì jó irin tuntun sí.

Àkókò sì ṣe pàtàkì púpọ̀ nígbà náà. Irin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wà ní ìhòòhò, ìpáàrà tuntun sì lè bẹ̀rẹ̀ lára rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ bí ọ̀rinrin bá wà nínú afẹ́fẹ́. Wọn kì í fi ọwọ́ lásán kàn án, nítorí iyọ̀ wà nínú òógùn. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n á fi atẹ́gùn tó gbẹ lé eruku kúrò nínú gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n á sì fi ọ̀dà àkọ́kùn tó ń di omi lọ́nà bò ó. Nígbà tí kíkùn bá sì parí, wọ́n á fọ́n ìda yíyọ́ sínú àwọn àpótí irin náà, kí omi tó bá wọlé má lè dé ara irin.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ lórí yanrìn fúnra rẹ̀. Òun ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun ló ṣì wà nínú orúkọ tí àwọn Òyìnbó ń pè é títí dòní, ìyẹn sandblasting. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni lò mọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú yanrìn odò àti ti etí òkun, irú èyí tí à ń rà fún ilé kíkọ́, èròjà kan ni, silica lorúkọ rẹ̀. Bí yanrìn ṣe wà nílẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Nígbà tí atẹ́gùn bá gbá a mọ́ irin ni ó ń fọ́ túútúú, tó ń di eruku tó kéré débi pé ojú kò lè rí i, tí irun imú kò sì lè dá a dúró. Eruku yìí á lọ tààrà sí ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró. Ara kò lè jẹ ẹ́ dà, kò sì lè wú u jáde. Ohun tí ara ń ṣe ni pé á máa fi àpá bò ó, àpá lórí àpá, títí ẹ̀dọ̀fóró á fi le gan-an tí kò ní lè gba atẹ́gùn sínú mọ́. Silicosis ni orúkọ àìsàn náà. Ó lè gba ọdún mẹ́wàá kó tó hàn. Bí eruku bá pọ̀ jù, ó lè hàn láàárín ọdún díẹ̀ tàbí kó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Kò sí oògùn tó ń wò ó sàn. Ó tún ń ṣí ilẹ̀kùn fún ikọ́ ẹ̀gbẹ, àjọ tó ń ṣèwádìí lórí jẹjẹrẹ lábẹ́ Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti ka eruku náà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ láti ọdún 1997.

Kì í ṣe òní ni ayé mọ èyí. Òfin tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní ọdún 1949 ti sọ ọ́ di èèwọ̀ láti máa fi yanrìn tó ní silica fẹ́ irin nílé iṣẹ́. Ní ọdún 1974, àjọ NIOSH tó ń rí sí ìlera òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà gba ìjọba níyànjú pé kí wọ́n fòfin de lílo yanrìn fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, ohun tí àwọn kan ti mọ̀ lápá kan ayé, ó tún pa àwọn ẹlòmíràn lápá ibòmíràn. Ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì, yanrìn ni wọ́n ń fẹ́ sí ṣòkòtò jíǹsì kó lè dà bí èyí tó ti gbó. Ọ̀dọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà, inú yàrá tó há, láìsí ààbò gidi lójú wọn. Silicosis mú ọ̀pọ̀ nínú wọn, ó sì pa àwọn kan. Ọdún 2009 ni ìjọba ibẹ̀ fòfin de é. Nítorí kí ṣòkòtò lè wu ojú rí, àwọn ọmọkùnrin tí kò tíì dàgbà tán pàdánù èémí.

Ẹnì kan lè béèrè pé ṣebí yanrìn náà ni wọ́n fi ń ṣe gíláàsì, kí ló dé tí àfọ́kù gíláàsì kò fi jẹ́ èèwọ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé nígbà tí iná bá yọ́ yanrìn di gíláàsì, silica inú rẹ̀ kì í wà ní ipò tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Irú èyí tó ń dá àpá sí ẹ̀dọ̀fóró kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí kò sọ pé kí èèyàn máa fa eruku rẹ̀ símú. Ọ̀dà ọkọ̀ àtijọ́ lè ní òjé nínú, òjé sì jẹ́ májèlé. Bíréèkì ọkọ̀ ìgbà náà ní asbestos nínú, èyí tí òun náà ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Nítorí náà, wọn kì í fẹ́ atẹ́gùn sí eruku bíréèkì rárá, omi ni wọ́n fi ń nù ún.

Ìbòmú aláṣọ tàbí àǹkáṣíìfù tí wọ́n so mọ́ imú kò tó fún iṣẹ́ yìí. Ohun tí òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ dé ni akoto tó bo gbogbo orí dé èjìká, tí wọ́n ń fi rọ́bà fa atẹ́gùn mímọ́ sínú rẹ̀ láti ibi tó jìnnà sí eruku àti èéfín ẹ̀rọ. Àwọn ẹ̀yà kéékèèké, inú àpótí tó pa dé ni wọ́n ti ń fẹ́ wọn. Àpótí náà ní gíláàsì tí wọ́n ń wò láti ìta, ìbọ̀wọ́ tó gùn tí wọ́n ti dè mọ́ ọn lára, àti ẹ̀rọ tó ń fa eruku jáde. Òṣìṣẹ́ kì í wọ aṣọ iṣẹ́ náà lọ sílé bá ìyàwó àti ọmọ. Kì í sì í ṣe òun nìkan ni eruku ń wá kiri. Níbi tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì bá ti jọ ń ṣiṣẹ́ lágbo kan, ọmọ iṣẹ́ tó ń fọ táyà lọ́wọ́ ọ̀tún àti ìyá olóúnjẹ tó gbé ìkòkò kalẹ̀ lọ́wọ́ òsì ń mí afẹ́fẹ́ kan náà sínú.

Ẹnì kan tún lè béèrè pé, pẹ̀lú gbogbo wàhálà yìí, kí ló dé tí wọn kò fi ju ọkọ̀ tó ti jẹrà nù? Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, kò sì burú. Láti ọdún 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bọ́dì MGB tuntun, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ irin ti àtijọ́ ni wọ́n sì fi ṣe é. Ẹni tí bọ́dì tirẹ̀ bá ti di ajere látòkè délẹ̀ lè ra èyí, kó sì kó ẹ́ńjìnnì àti ìjókòó àtijọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ìpáàrà jẹ níwọ̀nba, tí ẹni tó ní sùúrù bá tọ́jú, lè máa rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, owó rẹ̀ sì lè má tó ti bọ́dì tuntun.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa tí kò ní fọwọ́ kan MGB láéláé náà ní ohun tí ẹ lè mú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ ra tòkunbọ̀, ẹ má fi ti ọ̀dà ṣe. Ẹ mú òòfà dání, ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, ẹ yẹ irin abẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀ wò, kí ẹ sì ṣí ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan bóyá ó dọ́gba. Bí ẹ bá gbé e lọ fún àtúnṣe, ẹ ní kí panẹbítà fi irin hàn yín kó tó fi pọ́tì dí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ fi yanrìn fẹ́ irin yín nítorí pé yanrìn kò wọ́n, ẹ sọ fún un pé yanrìn wọ́n ju bó ti rò lọ. Irin tó bá bàjẹ́, a lè gé e ká jó òmíràn sí i. Ẹ̀dọ̀fóró kò ní ọjà tí wọ́n ti ń tà á.